Ìjálá, ẹ̀sà, ẹkún ìyàwó: ṣé orin ni tàbí ọ̀rọ̀? Ẹ bá mi dá sí i

Olùkọ́ Tankẹ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìlọrin. Ewì alohùn ni ẹ̀kọ́ tó kàn wá ní táàmù yìí, ibi tí mo sì ti fẹ́ la ìsàré, ìyẹn ìsọ̀rí tí ìjálá, ẹ̀sà àti ẹkún ìyàwó wà, yé àwọn ọmọ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní orin ni ìjálá, nítorí pé ohùn ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ní ọ̀rọ̀ ni, nítorí pé kò sí ẹni tó lè pàtẹ́wọ́ sí i kí ó bá a mu. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ọmọ àfáà, wá béèrè pé bí ó bá jẹ́ orin ni gbogbo ohun tí a bá fi ohùn dídùn gbé jáde, kí ni kí á wá pe kíké Àlùkùránì? Ibẹ̀ ni aago lù. Mo bẹ̀ yín, kí ni ìsàré gan-an, níbo ló ti ṣẹ̀ wá, báwo ni mo sì ṣe lè fi han àwọn ọmọ tí púpọ̀ nínú wọn kò fi etí ara wọn gbọ́ ẹkún ìyàwó rí?

Akadá Ìjàgbó:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ yín gbọ́n, ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè ti wá gan-an ni wọ́n ti bi í.

Ohùn tí a fi ń gbé ewì jáde ni àwọn onímọ̀ èdè wa fi ń pín in. Àwọn kan wà tí ohùn wọn kò jìnnà sí ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bí òwe, àlọ́ àpamọ̀ àti ọfọ̀, àrángbọ́ ni wọ́n ń pe ìwọ̀nyí. Orin wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó ní ìlù tàbí àtẹ́wọ́ tí ó gbọ́dọ̀ bá mu, ó ní ègbè, ohùn kan náà sì lè padà wá láìmọye ìgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìsàré wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń sàré gbé ohùn rẹ̀ ga ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń fa àwọn fáwẹ̀lì kan gùn, ó sì ń sáré bá àwọn mìíràn kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ìlù tí ó ń dè é mọ́lẹ̀, ìlà kan sì lè gùn ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta láìsí ohun tó bàjẹ́. Èémí àti ìtumọ̀ ni ó ń pinnu ibi tí ìlà yóò ti dúró.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn baba wa ń lò. Sísun ni a ń sun ìjálá, a ń sun rárà, a ń sun ẹkún ìyàwó. A ń pe ẹ̀sà, a ń ké iwì, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti eégún, a ń pe Ṣàngó, a sì ń ki ènìyàn ní oríkì. Orin nìkan ni a ń kọ. Wọ́n ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá yunifásítì sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ń sun ìjálá sábà máa ń fi orin gbè é lẹ́sẹ̀, pàápàá bí ó bá fẹ́ sinmi tàbí kí ó gbé àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn elégbè yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo agbo yóò sì máa jó. Bí ọmọ náà bá dé ibi ìjálá ní àsìkò orin, ohun tó gbọ́ ló sọ.

Ọmọ Ilé Kéwú, Òkè-Ìmàle:

Àsàláàmù aleekun. Mo fẹ́ dá ọmọ àfáà yẹn lóhùn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni ìbéèrè rẹ̀ wà.

Àwọn àfáà wa kò gbà kí á pe kíké Àlùkùránì ní orin, wọn kò sì fi ẹnu lásán jà nídìí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí. Nínú orin, ohùn ni ọ̀gá, ó lè gé ọ̀rọ̀ kúrú tàbí kí ó fà á gùn bí ó ti wù ú. Nínú kíkéwú, òfin tí à ń pè ní tajwiidi ni ó ń sọ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde lẹ́nu, ibi tí ohùn ti ń gba imú, àti iye tí a gbọ́dọ̀ fi fa fáwẹ̀lì. Fífà tí ó jẹ́ ti àdámọ́ jẹ́ ìwọ̀n 2, àwọn mìíràn a máa dé 4 tàbí 5, èyí tó gùn jù a sì dé 6. Ohùn dídùn jẹ́ ẹwà tí a fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yí lẹ́tà kan padà. Ẹni tí ó bá torí adùn fa ohun tí kò yẹ ní fífà, àfáà yóò dá a dúró níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ àti kíké han àwọn ọmọ, ẹ kó wọn lọ sí ibi wáàsí ní oṣù Rọmọdáànù, kí wọ́n wo àfáà tó ń túmọ̀ àti àjànásì tó jókòó tì í. Àjànásì ni yóò ké ẹsẹ Àlùkùránì náà jáde pẹ̀lú gbogbo òfin rẹ̀, yóò dákẹ́, àfáà yóò sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tú u palẹ̀ fún ìjọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gba ẹnu ènìyàn méjì kọjá, ọmọdé kékeré pàápàá yóò sì mọ èyí tí a ké àti èyí tí a sọ. Ní ti ládàánì tí ó ń pe ìrun, èyí kò nílò àlàyé ní Ìlọrin, ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ.

Olùkọ́ Tankẹ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Àfáà. Ti àjànásì yẹn kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí, bẹ́ẹ̀ mo ń jókòó sí ibi wáàsí lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà níbí ńkọ́? Mo ń fẹ́ ohun tí mo lè ṣe ní kíláàsì láìjẹ́ pé mo kó ọmọ kankan jáde.

Ìyá Àgbà Ọ̀fà:

Olùkọ́, ọmọ mi, kú wàhálà àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo sun ẹkún ìyàwó nígbà tèmi, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní ìdílé wa, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìrọ̀lẹ́ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la ni ọmọbìnrin máa ń sun ún. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa ya ilé kiri, láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ìyá, dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn aládùúgbò. Yóò kí wọn ní oríkì, yóò dúpẹ́ ìtọ́jú, yóò sọ ìbẹ̀rù ilé ọkọ tí kò tíì mọ̀, yóò sì tọrọ ìre. “Ire lónìí, orí mi àfire” ni a fi máa ń ṣí i. Omijé a máa dà lójú rẹ̀ ní tòótọ́, ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi máa ń gbọ̀n ní ìparí ìlà. Bí o bá gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n yẹn nínú ìjálá ọdẹ, á jẹ́ pé ọdẹ náà ń ṣàìsàn ni.

Ohun tí o lè ṣe ní kíláàsì nìyí. Mú oríkì ìlú tí ẹ wà, kí ó má baà jẹ́ àjèjì létí wọn: “Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tó báyìí, kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.” Ní kí ọmọ kan kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná. Kí òmíràn dìde dúró, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹni tó wà ní ìkángun pápá ìṣeré yín. Kò ní pẹ́ tí ohùn rẹ̀ yóò fi ga fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fa “Àfọ̀njáááá” àti “ibẹ̀ẹ̀ẹ̀” láìjẹ́ pé o kọ́ ọ. Kí ó wá fi èémí kan ṣoṣo gbé ìlà kan, kí ó sì jẹ́ kí ohùn sọ̀ ní ìparí. Ó ti wọ inú ìsàré nìyẹn, àtúnṣe ló kù.

Lẹ́yìn èyí, ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ tó dọ́gba, kí ẹlòmíràn sì fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí orin rédíò tó bá wù ú. Tẹ́tí sí ibi tí ó bá dé “ọ̀kọ̀”. Bí orin bá gbé e sókè díẹ̀, “ọkọ” ni àwọn tó jókòó yóò gbọ́, wọn yóò sì máa bi ara wọn léèrè irú ọkọ wo ni ó jẹ́ orò Ìlọrin. Ní ìsàré, irú àṣìṣe yìí kò sí, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ ni a ń tẹ̀lé.

Ìmọ̀ràn mìíràn tún kù. Má ṣe kọ́ wọn ní ohùn kí o tó kọ́ wọn ní oríkì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa fara wé ìgbọ̀nrìrì ohùn tí wọ́n gbọ́ lórí fóònù, nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu wọn. Kí oníkálukú lọ béèrè oríkì ìdílé rẹ̀ nílé ná. Tiwa ní Ọ̀fà, ìjàkadì ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ tí kò bá mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí ni ó fẹ́ sun?

Olórí Akọrin, Òmù-Àrán:

Ìyá wa, ẹ fọwọ́ kan ọgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ orin tí a ṣe ohùn rẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin ń lọ sí òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó dàgbà sínú rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nítorí pé wọ́n ti há a sórí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìjọ Kristi náà ní ìsàré tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ní Yúróòpù. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti Ìjọ Àgùdà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Póòpù Gregory Kìíní pè, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 590 sí 604. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò gbà pé òun ni ó ṣe é o. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹsàn-án ni ó gba ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí, ní ilẹ̀ àwọn Fúránkì, níbi tí ohùn ìjọ Róòmù ti dàpọ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ohùn ẹyọ kan ni gbogbo wọn ń gbé, kò sí ìlù, kò sí ohùn kejì tó ń gbè é, èdè Látìn sì ni ó ń sọ bí ìlà yóò ti gùn tó. Orí ni wọ́n ń há a sí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì kéékèèké sórí ọ̀rọ̀ láti rán ara wọn létí ìgbà tí ohùn ń lọ sókè àti ìgbà tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kọkànlá, Guido ará Arezzo ní Ítálì ti ń to àwọn àmì náà sórí ìlà tí a fà, kí ọmọ akọrin lè kọ ohun tí kò gbọ́ rí. Àmì ohùn tí olùkọ́ èdè Yorùbá ń fi orí fáwẹ̀lì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Júù náà ní àmì ti wọn tí wọ́n ń fi sí Ìwé Mímọ́ fún ẹni tó ń kà á ní sínágọ́gù.

Akadá Ìjàgbó:

Olórí Akọrin, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Íńdíà kún un, nítorí pé òun ló sún mọ́ tiwa jù lójú tèmi. Àwọn ìwé Fẹ́dà tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ké ti lé ní 3,000 ọdún, ẹnu ni wọ́n sì fi gbé e láti ìran dé ìran kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Oríṣi ohùn mẹ́ta ni wọ́n ń lò lórí ọ̀rọ̀: èyí tó ga, èyí tí kò ga, àti èyí tó ń yọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà sọnù, wọ́n a máa kọ́ ọmọ láti ké e ní tààrà, lẹ́yìn náà kí ó gé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó máa yí ọ̀rọ̀ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta padà síwájú àti sẹ́yìn. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà àgbáyé ní 2003, wọ́n sì kéde Ifá tiwa ní 2005. Àwọn babaláwo náà ní ìyẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń sun láti inú ẹsẹ Ifá, pẹ̀lú àwọn tó ń gbè é.

Ní ti ibi tí ìsàré ti ṣẹ̀, èrò mi ni pé kò sí ìlú kan tí ó lè sọ pé òun ni ó bí i. Ibi gbogbo tí ènìyàn ti ní ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù, tí kò sì ní ìwé, ni ó ti hù jáde fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbómìnà:

Ẹ̀gbọ́n Akadá, mo gba èyí tí ẹ sọ nípa ìrántí, ṣùgbọ́n ẹ kò mẹ́nu ba igbó. Bàbá tó bí mi jẹ́ ọdẹ. Ohùn tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kò lè la igbó kọjá, ewé yóò gbé e mì. Ohùn tí a gbé ga, tí a fà gùn, ni ó ń dé etí ẹnìkejì. Ìjálá jẹ́ ti Ògún, ibi tí àwọn ọdẹ bá ti kóra jọ ni wọ́n ti ń sun ún, wọ́n ń fi í ki ẹranko, wọ́n ń fi í ki igi, wọ́n sì ń fi í ki ara wọn. Bí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé ni wọ́n máa ń sun fún un, kì í ṣe ìjálá àríyá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ júbà ná. Bí ó bá sì ṣi oríkì kì, ọdẹ mìíràn yóò já a gbà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, yóò ní irọ́ ni ó pa, yóò sì tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ wọn: ní ìsàré, ẹni tó ń gbọ́ kì í ṣe òǹwòran lásán.

Ìpolówó ọjà ńkọ́? Ẹni tó ń kiri wàrà ní àdúgbò yín ní Ìlọrin, ṣé ó ń sọ ọ́ ni àbí ó ń kọ ọ́?

Ará Pákátà:

Gbogbo yín ti kí Ìlọrin tán, ẹ kò mẹ́nu ba dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin wa! Òun gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Oríkì tí Ìyá Àgbà kì lókè yẹn ní ìlú wa kò léégún, òótọ́ sì ni, nítorí pé ẹ̀sìn Ìsìláámù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbí láti ìgbà tí a ti ní ẹ́míà. Síbẹ̀, inú ohùn àwọn ọ̀jẹ̀ tó ń pe ẹ̀sà fún eégún ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn dàdàkúàdà sọ pé ó ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Málété, ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ lórí èyí. Aṣọ eégún bọ́ sílẹ̀, ohùn kò bọ́. Àwọn ọ̀jẹ̀ fúnra wọn so orúkọ ẹ̀sà mọ́ Ẹ̀sà Ògbín, ẹni tí wọ́n ń júbà fún gẹ́gẹ́ bí baba ńlá iṣẹ́ náà.

Ẹ tẹ́tí sí àwọn olórin dàdàkúàdà bí Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbadé Àlàó. Bí Odòlayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ènìyàn, ìlù a rọra lọ sí abẹ́, òun a sì máa da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà, òwe lórí òwe, oríkì lórí oríkì, láìdúró de ìlù. Nígbà tí ó bá wù ú, yóò wọ inú orin, àwọn elégbè yóò gbà á. Ẹni tó bá mọ etí lò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìsàré ti parí tí orin sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ohùn kan náà ni ẹ ó ti gbọ́ àdúrà ní èdè Lárúbáwá. Èmi kò mọ ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ̀sà àti kéwú ti pàdé báyìí.

Ọmọ Gẹ̀ríàlímọ́tà:

Ṣé ẹ kò ní ka ti òṣèlú sí i ni? Ní 2019, gbogbo Kwara ni ó ń ké “Ó tó gẹ́!” Ẹnìkan yóò gbé e, èrò yóò gbà á, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí kò dìbò rí.

Akadá Ìjàgbó:

Àbúrò, ó wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ni ó wà. Ó ní lílé àti gbígbè, ó sì tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun tí kò ní ni ìtẹ̀síwájú. Ẹni tó ń sun rárà kì í padà sí ìlà kan ní ìgbà ogójì. Àmọ́ olùkọ́ lè lò ó fi hàn wọ́n bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ṣe ń di ohùn èrò.

Olùkọ́ Tankẹ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Èrò mi nìyí: oríkì ìlú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti wí, wọn yóò sọ ọ́, wọn yóò sà á, wọn yóò sì kọ ọ́ lórin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó gbé ohùn Odòlayé sí wọn létí kí wọ́n máa gbé ọwọ́ sókè níbi tí ìsàré bá ti di orin. Ìbéèrè kan ni ó kù. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní gángan kan. Ṣé kí n gbé e wọ kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni?

Ìyá Àgbà Ọ̀fà:

Rárá o, ọmọ mi. Bí ìlù bá kọ́kọ́ wọlé, ijó ni wọn yóò jó, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Jẹ́ kí ohùn oríkì náà mọ́ wọn lẹ́nu dáadáa ná. Lẹ́yìn náà ni kí o wá onílù tó jẹ́ ọmọ Àyàn, kí ó fi gángan yẹn sọ ìlà kọ̀ọ̀kan láìla ẹnu rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa sọ ìlà tí ó jẹ́. Àwọn tó bá ṣì í, kí wọ́n tún oríkì náà kì láti ìbẹ̀rẹ̀.